Mo Ná Owó Àjọ, Ojú Ń Tì Mí Láti Kírun

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Onítẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìyá mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yìí nígbà ayé wọn. Èmi ni mo máa ń ka ojú ewé yín sí wọn létí nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. N kò mọ̀ pé èmi náà á kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ kan.

Alájọ ni mí ní ọjà Oyíngbò. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún iṣẹ́ náà, ọdún mọ́kànlá rèé. Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni káàdì mi wà lọ́wọ́ wọn: aláta, oníṣu, ẹlẹ́ran, àwọn alábàárù. Ẹni tó kéré jù ń dá ₦200 lóòjọ́, ẹni tó ga jù ń dá ₦2,000. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan fi ètò kan hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ní bí ènìyàn bá fi owó síbẹ̀, láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ ìdajì rẹ̀ á gorí rẹ̀. Mo fi ₦100,000 tèmi dán an wò, ₦150,000 jáde lóòótọ́. Ni oṣù bá parí. Dípò kí n san owó àjọ fún olówó, mo gbé gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí àwọn ènìyàn mi fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì ló ń yọ mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejìlélógún, ètò náà kò ṣí mọ́. Nọ́ńbà tí mo ń pè kò lọ mọ́. ₦1,340,000 ló bá a lọ.

Bàbá, n kò lè wo ojú wọn. Mo pa fóònù, mo sá wá sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Agége. Oṣù méjì ààbọ̀ rèé. Mo sọ fún un pé ara mi ni kò yá. Láti ìgbà náà n kò kírun. Màá ṣe àlùwàlá tán, màá dúró lórí ẹní, tó bá ku kí n gbé ọwọ́ sókè, ojú á tì mí, màá ká ẹní mi. Alfa kan ní Mushin ní àwọn ará ọjà kan ló fi ọwọ́ kan orí mi, kí n mú ₦85,000 wá fún iṣẹ́. Mo ti yá ₦40,000 nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ṣe mí bíi pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣé Ọlọ́hun ti kọ̀ mí ni? Ṣé kí n padà sí Oyíngbò, àbí kí n jókòó síbi tí mo wà?

Alájọ tí ojú ń tì, Agége

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ tí o sọ bí ẹni ń kọjá lọ. Òun ni n ó kọ́kọ́ dá dúró. Ikú yá ju ẹ̀sín. Bóyá òwe yẹn wúlò fún àwọn baba wa lójú ogun. Ní Oyíngbò kò wúlò. Òkú kì í san owó àjọ. Aláta tí o jẹ ní ₦6,000, bí o bá kú, ₦6,000 rẹ̀ bá ọ wọlẹ̀ nìyẹn, ẹ̀sín tí o sì ń sá fún, àwọn èèyàn rẹ ni yóò jogún rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó ka èyí tó kù, gbé ìwé yìí sílẹ̀. Lọ bá àbúrò rẹ níbi tó wà. Sọ fún un pé kì í ṣe àìsàn ló gbé ọ wá. Sọ iye owó náà fún un. Sọ ohun tí ọkàn rẹ ń bá ọ sọ nípa ikú náà, má fi ìkankan pamọ́. Àbúrò tó gbà ọ́ sílé fún oṣù méjì ààbọ̀ kò ní lé ọ síta nítorí òótọ́.

O ti dé? Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ tèmi fún ọ. N kò sọ ọ́ rí lójú ewé yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn níbí bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀ rí.

Irọ́ báǹkì tí o pa yẹn, èmi ti pa á kí ìwọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ní 1993 mo ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Bájùláyé, ní Ṣómólú, níbi tí gbogbo Èkó ti ń wá tẹ káàdì ìgbéyàwó, pósítà, rìsíìtì àti ìwé ètò ìsìnkú. Èmi náà ni akápò owó ìkọ́lé ìjọ wa. Kì í ṣe pé mo mọ ìṣirò ju àwọn yòókù lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, agbádá mi sì máa ń funfun ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, wọ́n bá rò pé ọwọ́ mi náà mọ́ bẹ́ẹ̀. Owó náà jẹ́ ₦38,000. Inú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà.

Ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà wáyé. Èsì ń wọlé, gbogbo àdúgbò ti ń jó. Wọ́n ti ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ni àwọn sọ́jà yóò gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Mo wá jókòó, mo rò ó pé ilé wo ní Èkó ni kò ní fẹ́ kàlẹ́ńdà tí Abíọ́lá àti Kingibe wà lójú rẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ sílẹ̀. Mo wọ yàrá, mo fa àpótí jáde.

Mo gbàdúrà sí i o! Kí n má purọ́ mọ́ ara mi. Mo kúnlẹ̀ sórí síméńtì, mo ní bí ọjà yìí bá tà, dípò ìdámẹ́wàá, ìdá méjì nínú mẹ́wàá ni n ó san. Owó Ọlọ́run wà lápò mi, mo sì ń bá Ọlọ́run ná an.

Ẹ̀rọ tí mo ní nígbà náà, Kord aláwọ̀ kan ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tí èyí jẹ́. Àwòrán tó bá ní àwọ̀ mẹ́rin, ìwé kan náà ni yóò gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin: yẹ́lò, pupa, búlúù, kó tó wá kan dúdú. Bí ìwé bá sún ní ìwọ̀n irun orí, ẹni tó wà nínú àwòrán á ní ojú mẹ́rin, ẹnu méjì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo ń tẹ̀. Mo ti tẹ yẹ́lò, mo ti tẹ pupa, mo ti tẹ búlúù. Dúdú ló kù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ìjọba Babangida fagi lé ìbò.

Àwòrán tí kò bá tíì gba dúdú, ọmọ mi, ó máa ń rí bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ọyẹ́. Fìlà wà, awò ojú wà, ẹ̀rín wà, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tó jinlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìtì ìtì ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ojú á máa wò mí. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ìgboro ti dàrú, táyà ń jó lójú títì, a kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kí n tẹ dúdú sí i, kí n tà á fún àwọn tó ń wọ́de. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó yá mo gé gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo tà á fún àwọn alákàrà. Ìwé dídán ni, kì í mu epo. Àwọn alákàrà dá apá kan padà.

Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní kí n mú owó wá fún síméńtì. Mo ní báǹkì tí mo kó o sí ló ń dààmú. Lásìkò náà báǹkì ń dẹnu kọlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ọ̀kan nínú wọn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé báǹkì náà lórí.

Ohun tó wá fọ́ mi kì í ṣe ìwàásù. Ìyá kan wà níjọ wa tó ń ta ẹ̀kọ. Ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ₦20 jáde, wọ́n ní ti ìkọ́lé ni. Owó náà rọ̀, ó ń rùn fún ewé àti èéfín. Bí òfin ìjọ ṣe rí, mo gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì. Ìwé rìsíìtì yẹn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ olóore. Mo ki kábọ̀n bọ àárín. Mo kọ orúkọ wọn, mo kọ "Ogún náírà". Ibi tí wọ́n kọ "Ẹni tó gbà á" sí ló kù, ọwọ́ mi kò lọ. Ìyá rò pé bírò ni kò yọ. Wọ́n ní, "Fi tu díẹ̀, ó gbẹ ni." Mo fi tu, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ ọ," wọ́n gbé igbá wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá Bàbá Ìjọ. N kò ṣàlàyé nípa Babangida, n kò mẹ́nu ba ọ̀tá. Mo sọ iye rẹ̀: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì. Kò sí áńgẹ́lì tó sọ̀ kalẹ̀ o. Bàbá dákẹ́ títí, wọ́n ní kí ìyàwó wọn bu omi fún mi. Mo mu omi náà tán, mo rí i pé láti oṣù Kẹfà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀fun mi ń gbé nǹkan mì láìdun mí nìyí. Nígbà tí mo délé mo kúnlẹ̀ sójú kan náà lórí síméńtì. N kò béèrè ohunkóhun. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé àdúrà tí mo ti ń gbà láti kékeré, àdúrà oníṣòwò ni. Ti alẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbà bí ọmọ.

Má rò pé wọ́n dárí jì mí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kéde mi. Wọ́n yọ mí nípò. Alàgbà kan fẹ́ pe ọlọ́pàá, n kò sì dá a lẹ́bi. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí oṣù kan, ju "oúnjẹ rèé" lọ. ₦1,000 ni mo ń san lóṣù, láti oṣù Kẹwàá 1993 di oṣù Kọkànlá 1996. Ìyá ẹlẹ́kọ kú ní 1995. Wọn kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n kéde mi, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dúró dè mí, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀dà rìsíìtì wọn wà nínú Bíbélì mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Dúdú kábọ̀n ti ń ṣí.

Ìdí tí mo fi rò ó fún ọ ni pé o bi mí bóyá Ọlọ́hun ti kọ̀ ọ́. Ẹni tí Ọlọ́hun bá kọ̀, ojú kì í tì í lórí ẹní ìrun. Ìtìjú tó ń dá ọwọ́ rẹ padà yẹn, òun gan-an ni ọwọ́ Rẹ̀ lára rẹ. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Mùsùlùmí, n kò sì ní fi àìmọ̀ dá ọ lóhùn. Mo bá rékọjá títì lọ bá Alfa tó ń tún ẹ̀rọ ìgéwé ṣe lódìkejì wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi ń jẹ ẹran iléyá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ ìrẹsì Kérésì mi. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un láìdárúkọ ọjà. Ó ní títúúbá, ohun mẹ́ta ni láàrin ẹ̀dá àti Ọlọ́hun: kí ó jáwọ́, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu pé òun kò tún ní ṣe é. Bí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì bá wá wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹrin ni kí ó dá a padà, tàbí kí olóhun yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ní ṣé kò wá ní kírun títí yóò fi san án tán ni? Ó fi sípánà kan tábìlì. Ó ní, "Bàbá, ta ló ní kí onígbèsè má kírun? Gbèsè náà á wá di méjì."

Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí ti Mushin ń gbà. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò ₦85,000 yẹn. Ẹni tó ń dá ₦200 lóòjọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ 425 ni yóò fi jókòó lóòrùn kí ó tó dá a jọ. Èyí lo fẹ́ gbé fún ẹni tí yóò sọ fún ọ pé ìwọ kọ́ lo ṣe é. Má san án. ₦40,000 tí o yá, dá a padà fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kan orí rẹ. Ọwọ́ ara rẹ lo fi tẹ fóònù, bí èmi náà ṣe fi ọwọ́ ara mi fa àpótí. Ó dùn kí a rí ayé dá lẹ́bi, mo mọ̀, Babangida wúlò fún mi púpọ̀ lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ẹ̀bi náà fún un pátápátá, kí ni n ó wá rí tún ṣe?

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ará yòókù ni òwe yẹn ń rò. Ta ló bi ẹni tó wà nínú kòtò léèrè ohun tí òun náà kọ́? Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èbúté Mẹ́ta gbé ìwé ìtàn kékeré wá fún mi tẹ̀. Bí mo ṣe ń ka prúùfù, mo dé ibi tí Àjàyí Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò Ọya ní 1841. Ibà kọlù wọ́n, òyìnbó kú bí ẹni ń ju òkò sí ẹyẹ, ọkọ̀ ṣẹ́rí padà, gbogbo ayé ní ìrìn náà ti bàjẹ́. Ní 1854 ó tún gòkè, òun àti Baikie, dókítà òyìnbó kan, nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń mu kuiníní, oògùn ibà, lójoojúmọ́, ibà kò sì pa òyìnbó kankan nínú wọn. Mo gbé bírò sílẹ̀. Àdúrà ti 1841 kò lè kéré sí ti 1854 lójú tèmi, oníwàásù wà nínú ìrìn méjèèjì. Kuiníní ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ yẹn n kò tún di owó ẹlòmíràn mú ní èmi nìkan. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí n ṣe akápò, màá ní ẹ wá ẹnìkejì tí yóò máa bá mi fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ wá ẹlòmíràn. Àwọn kan ń rò pé ìgbéraga ni.

Ìwọ náà, wá kuiníní tìrẹ. Kí owó àjọ máa wọ báǹkì lójoojúmọ́, kí ẹnìkejì máa rí ìwé rẹ.

Ó ku ti ìpadàbọ̀. Padà. Ṣùgbọ́n má lọ bá ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò pa ọ́, ẹni kẹta kò sì ní jẹ́ kí o dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin. Kọ́kọ́ lọ sílé Ìyálọ́jà lálẹ́, ìwọ àti àbúrò rẹ. Kúnlẹ̀, kí o sọ iye rẹ̀ kí o tó sọ ìdí rẹ̀. Kí Ìyálọ́jà wá bá ọ kó àwọn ènìyàn jọ ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀ tí ọjà kì í ṣí títí aago mẹ́wàá nítorí ìmọ́tótó; gbogbo wọn á ti wà níta, ọwọ́ wọn á sì dilẹ̀. Ẹnìkan lè gbá ọ létí. Ẹnìkan lè fẹ́ fà ọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí náà ni mo ṣe ní kí Ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Má bú padà.

Má sì ṣèlérí oṣù mẹ́ta. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ọjọ́ kìn-ín-ní orí káàdì tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ, bíi ₦44,000 ni lóṣù nígbà tí gbogbo wọn wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ìdajì wọn bá tún gbà kí o máa gba àjọ wọn, ó di ₦22,000. Bí o kò bá fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ọdún márùn-ún lé oṣù kan ni. Nítorí náà wá iṣẹ́ mìíràn kún un, ìbáà jẹ́ ògì lo máa sẹ́. Àwọn tó ń dá ₦200 ni kí o kọ́kọ́ san fún, nítorí àwọn ni kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè yíjú sí. Ẹlẹ́ran á pariwo jù wọ́n lọ, jẹ́ kó pariwo.

Sùn mọ́ ìtòsí ní Ọjọ́rú kí o má baà pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí ìrun àsùbáà kí o tó jáde, ojú ì báà tì ọ́. Mú ìwé orúkọ wọn dání, kí o sì mú bírò méjì, nítorí ọ̀kan máa ń gbẹ.